Ẹ̀ṣọ́ Igbó àti Ẹni Tó Ń Pa Igi

Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó yí i padà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń wá ẹni tó ń pa igi ló délẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ́ kí wọ́n dá a lẹ́nu.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi ṣọ́ igbó ìjọba. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìwé owó oṣù nìkan ló rántí rẹ̀. Tọmọdé tàgbà, Tanìyẹn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ewé kan bá jábọ́ lé ewé kejì lórí, á ti kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Bí ẹyẹ bà sórí ẹ̀ka, "Ta nìyẹn?" Bí ìyàwó rẹ̀ ṣí ìkòkò nílé ìdáná, "Ta nìyẹn?" Obìnrin náà á sì dáhùn láti ibẹ̀ pé, "Olè ni o! Ó wá jí ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè."

Bàbá tó bí i ń sun èédú. Igi ni bàbá yẹn fi tọ́ wọn: ó ń gé e, ó ń sun ún, ó ń kó o sínú àpò. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ igbó, bàbá wò ó láti bàtà dé fìlà, ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n ní kó o wá mú?" Ọjọ́ náà ni Tanìyẹn ti mọ̀ pé ẹni tó bá máa ṣọ́ igbó, inú ilé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú ènìyàn. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n òun ò dúró dìgbà tó dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà. Ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lọ́sàn-án, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tó yẹ kí èèyàn lò.

Ilé rẹ̀ wà létí igbó gan-an: yàrá méjì, ilé ìdáná kan, fèrèsé kan tó dojú kọ ọ̀nà. Àga rẹ̀ kì í kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́bàá ibùsùn, ó kọrí sóde bí ẹni pé bàtà náà lè dìde lọ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì ti lọ sílé ọkọ. Ó ku òun, ìyàwó rẹ̀, àti ìwé kékeré kan tó máa ń kọ nọ́ńbà igi sí, torí pé nọ́ńbà nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ dáadáa.

Ó ní àbúrò obìnrin kan. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Tanìyẹn ló tọ́ ọ, òun ló ń dirun fún un ṣègeṣège tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ọkọ ọ̀hún ni Agégi. Apá Agégi le bíi ìtì igi, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Tanìyẹn sinmi.

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?" ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀. "Láti ogún ọdún! Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ kì í rẹ́rìn-ín tó báyẹn."

"Bàbá ọmọ mi, eyín rẹ̀ ló funfun," ni ìyàwó á sọ. "Ìwọ tí o pa ẹnu dé yìí, kí lo fi pamọ́?"

Ẹ jẹ́ ká mọ òfin igbó náà, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjàngbọ̀n dúró lé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ayùn kan igi tó wà láàyè. Àmọ́ bí igi bá kú fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó á fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i lára, ọ́fíìsì á fún agégi níwèé, agégi á wá gé e kó tó wó lu ẹni tó ń kọjá, pákó rẹ̀ á sì di tirẹ̀. Agégi kan ṣoṣo ló gba àṣẹ náà ní gbogbo agbègbè. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Lọ́dún tó bá dáa, igi mẹ́rin, igi márùn-ún ló ń kú. Lọ́dún tí à ń wí yìí, oṣù kẹta ò tíì parí tí Tanìyẹn ti fa ìlà pupa sára igi mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀dà tán nínú agolo. Orí àwọn igi náà ń pọ́n ní àsìkò tó yẹ kó máa tutù yọ̀yọ̀, ewé wọn ń ká kò bí ẹni tí inú ń run, èèpo wọn ń bó sílẹ̀ lápá lápá. Níbi ìlagi Agégi ẹ̀wẹ̀, òkìtì pákó ń ga sí i. Agégi kan òrùlé tuntun. Agégi ra ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tuntun, èyí tó ń bú bí ọ̀kadà tí wọ́n jí gbé.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Lọ́jọ́ kan, Tanìyẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi kan, ohun tó rí sì mú kí irun ara rẹ̀ dìde. Ihò ni. Ihò wẹ́wẹ́, kò ju orí ìṣó kékeré lọ, wọ́n tò yí ara igi náà ká, nǹkan bí ìyẹ̀fun sì dà sílẹ̀ lábẹ́ wọn. Ó lọ sídìí igi kejì: ihò. Ẹ̀kẹta: ihò. Ó fi ọ̀bẹ ya èèpo díẹ̀ kúrò. Abẹ́ rẹ̀ dúdú bí búrẹ́dì tó ti bu, ó sì ń rùn kíkan.

"Áà," ó sọ fún ara rẹ̀, "wọ́n ń lu igi mi. Wọ́n ń lù ú, wọ́n ń rọ májèlé sí i nínú."

Ta ló sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu igi? Ẹ má dáhùn, òun ti dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ ilé, ó rìn lọ síbi ìlagi bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ṣeré gbé kiri. Èérún pákó bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ń run igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí Agégi ṣe rí i, ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ orí ba.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n wa! Ẹ̀yin rèé ní kùtùkùtù? Ṣé kò sí o?"

"Kí ló fẹ́ wà? Ṣé èèyàn ò lè wá kí àna rẹ̀ mọ́ ni?"

"Ó lè wá o. Àmọ́ láti ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹ wá kí mi. Àkọ́kọ́, ẹ wá ka pákó. Ìkejì, ẹ wá wọn pákó. Ìkẹta, ẹ ní ẹ̀ ń wá ológbò yín." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ológbò."

Tanìyẹn ò bá a rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ń rìn kiri abà náà bí eku tó gbọ́ òórùn ẹja. Ó rí ẹ̀rọ ìlugi lórí tábìlì. Ó rí àwọn irin ẹnu rẹ̀, tínrín tínrín, nínú agolo mílíìkì. Lábẹ́ tábìlì, ó rí kẹ́ẹ̀gì dúdú kan tí kò ní ìwé kankan lára. Agégi rí ibi tí ojú náà bà sí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn díẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Òróró ayùn ni."

"Kí ló dé tó o fi ń fẹsẹ̀ tì í?"

"Kẹ́ ẹ má baà kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni. Àbí kí n forí tì í?"

"Agégi, igi ń kú o."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ó ń bà mí lẹ́rù."

"Ó ń bà ọ́ lẹ́rù, o sì kan òrùlé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Tanìyẹn rí i kí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Agégi. Ọkùnrin náà mú èérún pákó kan kúrò lápá, ó ní, "Bí gbogbo wọn bá kú tán lọ́dún yìí, kí ni n ó gé lọ́dún márùn-ún sí i? Ẹni tó ń jẹ nínú oko kì í dáná sun oko."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ó mọ́gbọ́n dání jù. Lójú ọ̀nà, Tanìyẹn ń yí i lẹ́nu wò: ìdáhùn tó yọ̀ báyìí, ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà ló ń ní in lẹ́nu. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Nígbà tó délé, ó gbé réèkì àti ọkọ́. Ọgọ́ta igi wà nínú igbó náà tó fẹ́ràn bí ọmọ. Ó sọ wọ́n lórúkọ: Afínjú, Adúró-má-tẹ̀, Ìyá Onílé, Gìrìgìrì, títí lọ. Ó ní bí apagi bá tún máa pa igi mìíràn, àwọn yìí ló máa kàn. Ó sì gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó ha gbogbo ìràwé tó wà lábẹ́ wọn kúrò, ìràwé ọdún pípẹ́ tó nípọn bíi tìmùtìmù, ó fi réèkì fà á, ó fi ọkọ́ ha èyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, títí ilẹ̀ pupa fi yọ, tó ń dán bí ilẹ̀ pálọ̀. Ó ṣe é fẹ̀ yí igi kọ̀ọ̀kan ká, ìwọ̀n ẹní mẹ́rin. Bí apagi bá tẹ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á jẹ́rìí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún un, ó dúró, ó ń wò ó.

"Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nílé rẹ, o ò gbá yàrá rí. Inú igbó lo wá ń gbá."

"Ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n. Pańpẹ́ ni."

"Pańpẹ́ tí ń dán! Ẹni tó bá kó sí i á kọ́kọ́ yọ̀ ṣubú."

Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á dé ibẹ̀, á tẹrí ba sílẹ̀ bí ẹni tó ń kàwé. Ó rí ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́. Ó rí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó rí ibi tí ejò wọ́ kọjá. Ẹsẹ̀ ènìyàn, kò rí ìkankan. Á tún ilẹ̀ náà gbá, á máa lọ. Kò sí òjò. Ọdún kẹta rèé tí òjò ti ń ṣe bí àlejò tó kàn yọjú tí kò jókòó. Oòrùn ń pa ilẹ̀ pupa yẹn látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

"Bí mi ò bá rí ẹsẹ̀," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun, "a jẹ́ pé ó gbọ́n jù mí lọ. Orí pákó ló ń tẹ̀ rìn. Ta ló sì ní pákó?"

"Ẹni tó lágbárí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ló yẹ kó máa fi ronú."

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà dá a lójú pátápátá nìyí: àwọn ọgọ́ta igi yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú yára ju àwọn tó kù lọ. Afínjú pọ́n lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Onílé wọ́ ewé sílẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tó bọ́ aṣọ. Tanìyẹn dúró lábẹ́ wọn, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo igbó, àwọn àyànfẹ́ rẹ̀ gan-an! Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é. Ẹni tó mọ ohun tó ń dùn ún ni.

Oṣù karùn-ún ń parí lọ nígbà tí Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Yàrá tóóró ni, fáńù kan ń yí lókè bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú, fáìlì sì kún orí àga tó yẹ kí àlejò jókòó sí. Ọ̀gá ò tó ọmọ ogójì ọdún. Ó fi pẹ́ńsù kan tábìlì.

"Bàbá, oṣù méje ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Àádọ́rin igi ló ti kú lábẹ́ ìṣọ́ yín. Àwọn tó wà lókè ń bi mí bóyá ẹ̀ṣọ́ àti agégi jọ ń jẹ nínú àwo kan náà ni. Wọ́n ní àna yín ni."

"Mi ò bá a jẹ nínú àwo kankan."

"Ta ló ń pa igi, nígbà náà? Ẹ mú orúkọ wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá sí orúkọ, tiyín ni màá kọ."

Tanìyẹn jáde. Akọ̀wé ọ́fíìsì wà ní kọ̀rọ̀, ó dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ bísíkíìtì. Tanìyẹn jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ Agégi, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n á ti ibi ìlagi pa, ẹjọ́ á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ibi ìlagi yẹn ni àbúrò òun ń gbé. Bí òun ò bá sì dárúkọ ẹnì kankan, òun náà á di apagi lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ṣe díẹ̀, ó dárúkọ.

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ẹ fojú rí i, Bàbá?"

"Inú mi rí i."

"Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ inú sí nínú fọ́ọ̀mù yìí. 'Mo rí i' ló wà, àbí 'Mi ò rí i.'"

Tanìyẹn wo bísíkíìtì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Kọ ọ́ pé mo rí i. Kọ ọ́ pé ó ń fi ẹ̀rọ lu igi."

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi àgádágodo ti ibi ìlagi. Nígbà tó di ọ̀sán, àbúrò rẹ̀ wọlé láìkanlẹ̀kùn. Kò jókòó. Èérún pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ní ẹnì kan rí ọkọ mi tó ń lu igi."

"Háà," ni Tanìyẹn wí.

"Wọn ò dárúkọ ẹni náà fún wa."

"Wọn kì í dárúkọ ẹlẹ́rìí."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ìyàwó Tanìyẹn gbé àwo sílẹ̀ nílé ìdáná.

"Láti kékeré mi," ni àbúrò rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "bí eku bá rìn nínú àjà, ẹ ó bi í pé ta nìyẹn. Mo ní ẹnì kan lọ purọ́ mọ́ ọkọ mi, ẹ ò bi mí pé ta nìyẹn."

Ó yí padà, ó jáde. Tanìyẹn lọ ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọrí láti ilé ìdáná, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó ti jo, ó sì padà síbi tó ti wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá dé sínú igbó pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n ní dókítà igi ni. Wọ́n mú Agégi wá pẹ̀lú, kó lè fi ibi tó ti lu igi hàn wọ́n. Agégi kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu lásán. Kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà igi yọ irin gígùn kan tó ní ihò nínú láti inú báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọ inú igi. Tanìyẹn fò síwájú.

"Òun náà tún ń lu ihò! Ọ̀gá, ta ló rán an wá?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó fi ọ̀bẹ ṣí èèpo, ó fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ mú ohun kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Tanìyẹn. Kòkòrò dúdú ni, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. "Ẹni tó ń lu ihò yín rèé."

Tanìyẹn wo kòkòrò náà tìfuratìfura. "Kòkòrò yìí ti wà nínú igbó kí wọ́n tó bí mi. Kí ló dé tí kò pa wọ́n látijọ́?"

"Ìbéèrè tó dáa ni," ni dókítà igi wí, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò kan bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. "Igi tó bá mu omi yó, bí kòkòrò bá lu ihò sí i lára, oje ló máa fi rì í mọ́lẹ̀. Ó máa tutọ́ sí i lójú. Igi tí òùngbẹ ń gbẹ ò ní itọ́ tó máa tu." Ó yọ igi tínrín tó wà nínú irin rẹ̀, ó gùn bíi pẹ́ńsù. Ìlà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. "Ọdún kan, ìlà kan. Ẹ wo bí ìlà ṣe fẹ̀ níbí. Ẹ wá wo ibí yìí, ó ti tínrín. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn?"

"Wọ́n la ọ̀nà tuntun," ni Agégi wí. "Katapílà àti tírélà ń gba ibí kọjá fún odindi ọdún kan. Wọ́n sì fi páìpù darí odò kékeré yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹn. Wọ́n tẹ ilẹ̀ le bíi sìmẹ́ńtì, wọ́n gba omi lẹ́nu gbòǹgbò. Ẹ wo ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn: ọ̀dá ọdún mẹ́ta, wọ́n rí bíi òwú. Ara igi ti di ahẹrẹpẹ kí kòkòrò tó dé. Kòkòrò ló sì gbé ohun dúdú tó wà lábẹ́ èèpo yẹn wọlé, bí ẹni gbé ẹrẹ̀ wọlé lábẹ́ bàtà. Ẹ ò lè fi ọlọ́pàá mú ẹnì kan ṣoṣo, Ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ló para pọ̀ pa á."

Ọ̀gá gbá agbárí rẹ̀. Agégi mí kanlẹ̀. Tanìyẹn náà fẹ́ mí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ò tíì dìde.

"Ohun kan ló ṣì rú mi lójú," ó ní. "Àwọn igi kan wà níbí, bí ọgọ́ta, tí ìyà wọn pọ̀ ju ti ìyókù lọ. Mọ́kànlélógójì ló ti kú nínú wọn tàbí tó ń kú lọ. Gbogbo wọn pátá, ẹnì kan ti ha ilẹ̀ abẹ́ wọn. Ìràwé ni aṣọ tí ilẹ̀ fi ń bora. Abẹ́ aṣọ yẹn ni àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi ń sùn sí. Ẹnì kan bọ́ aṣọ náà lára wọn nínú ọ̀dá, ó fi ọkọ́ gé gbòǹgbò wẹ́wẹ́, ó sì ń gbá a láràárọ̀ kó má baà padà. Ẹni náà mọ igi. Ó ṣa àwọn tó dára jù."

Ojú Ọ̀gá yí bìrí sára Agégi. "Mo mọ̀! Kò lo májèlé, ọkọ́ ló lò. Ẹ̀sùn wà nílẹ̀, ẹlẹ́rìí wà nílẹ̀."

Agégi ò fọhùn. Ó ti gba ibẹ̀ kọjá lọ gé igi nígbà tí Tanìyẹn ń ha ilẹ̀. Ó ti kí i kú iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

Tanìyẹn náà wò ó. Kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀? Kí ló ń dọ́gbọ́n sí? Ó wá ìdí burúkú kan tí Agégi fi lè dákẹ́, ó wá a títí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú èérún pákó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbèésí ayé rẹ̀, kò rí i. Ó kàn rí ọkùnrin kan tó fún un láyè kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá sì panu mọ́, ìṣẹ́jú yìí náà ni ọ̀ràn máa parí: Agégi á lọ sẹ́wọ̀n, òun á fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, àyàfi àwọn tó ti mọ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin ni kí ni?" ni Ọ̀gá bi í.

"Èmi ni mo ha ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń pa wọ́n ni mò ń wá. Mi ò sì rí Agégi kó lu igi kankan. Irọ́ ni mo ní kí akọ̀wé kọ."

Dókítà igi dìde lórí gbòǹgbò, ó pa báàgì rẹ̀ dé.

Wọ́n ṣí ibi ìlagi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gba aṣọ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ Tanìyẹn lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, kò sí lẹ́tà ìdágbére, kò sí ìbọwọ́. Dókítà igi ló bá a bẹ Ọ̀gá kí ọ̀rọ̀ ìwé èké má dé kóòtù. Ó ní òun nílò ẹni tó mọ igi kọ̀ọ̀kan, tó máa dá ìràwé padà sídìí àwọn mọ́kàndínlógún tó ṣẹ́ kù. Tanìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò ru ìràwé. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a dì í. Obìnrin náà ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ sílé àbúrò rẹ̀. Agégi ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ wá wò?"

"Mi ò wá wo nǹkan kan. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ nìyẹn." Agégi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n, ogún ọdún ni mi ò fi fura sí ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, bí ẹ ṣe ń rìn bọ̀, mo ti ń wo ọwọ́ yín. Ẹ ti kó o ràn mí."

Láti inú ilé, àbúrò Tanìyẹn ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Agégi fa ilẹ̀kùn padé díẹ̀.

"Igi mọ́kànlélógójì wà tí wọ́n fún mi níwèé láti gé," ó ní. "Ẹ ó dúró tì mí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n tó fi ayùn kàn án, ẹ̀yin lẹ máa ṣí èèpo rẹ̀, ẹ ó sì sọ ohun tẹ́ ẹ rí síta. Ohun tí ojú yín rí. Mi ò fẹ́ gbọ́ nípa inú."

"Mo gbà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lára Afínjú. Àbúrò Tanìyẹn bá wọn lọ, ó jókòó sórí kùkùté kan lókèèrè, kò kí i. Tanìyẹn kúnlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ṣí èèpo.

"Ihò," ó ní. "Kòkòrò. Abẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó gbẹ."

Agégi dúró, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tàn án. "Ṣé kò kù síbì kan? Ṣé ọwọ́ ènìyàn ò sí níbẹ̀?"

Tanìyẹn wo ilẹ̀ pupa tó sán. Ó fi ìka gbé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kan sókè, tínrín bí okùn, ẹnu ibi tí ọkọ́ ti gé e ti ṣú.

"Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni."

Agégi wo ìyàwó rẹ̀ tó wà lókèèrè bóyá ó gbọ́. Ó gbọ́. Agégi sì fa okùn ayùn.